Àgùnfọn Ara Ògiri

Inú pálọ̀ kan la wà, tí fọ́tò ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn kún ara ògiri rẹ̀ dé òkè àjà. Ọkọ, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fọ́tò nítorí pé òun ló ń ya fọ́tò wọn, dúró síwájú dígí. Ó gbé kóòmù sẹ́nu bí ẹni gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń fi ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lórí rédíò lọ́la dánra wò. Ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú korobá omi àti àkísà ìnulẹ̀, nítorí àwọn àna ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ojú rẹ̀ le. Ẹni tó bá gbọ́n kò ní bá a ṣeré, ṣùgbọ́n Fọ́tò kò wo ojú ẹnikẹ́ni bí kì í bá ṣe láti inú kámẹ́rà.

FỌ́TÒ: (ó húkọ́ díẹ̀) Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó. Màá sọ ọ́ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

ÌYÀWÓ: Ẹ gbẹ́sẹ̀.

FỌ́TÒ: Ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ̀yin olù... Ta ni kó gbẹ́sẹ̀?

ÌYÀWÓ: Ẹ̀yin. Mo fẹ́ nu abẹ́ yín.

FỌ́TÒ: Ìyá Ìbejì, ṣé o ò rí i pé orí rédíò ni mo wà ni?

ÌYÀWÓ: Orí ilẹ̀ tí mo fẹ́ nù ni mo bá yín. Ẹ gbẹ́sẹ̀.

(Fọ́tò gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ lórí èyí tó kù.)

FỌ́TÒ: Ẹ̀yin olùgbọ́, láti inú ìyá mi ni mo ti gbé iṣẹ́ yìí wá. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ojú mi kì í ṣe ojú lásán.

ÌYÀWÓ: Òótọ́ ni. Ojú tí kì í rí ìdọ̀tí. Ẹ gbé ìkejì.

FỌ́TÒ: (ó pààrọ̀ ẹsẹ̀) Lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ńlá kan. Ìgbéyàwó àwọn ènìyàn pàtàkì.

ÌYÀWÓ: Ìgbéyàwó ta?

FỌ́TÒ: Àwọn ènìyàn pàtàkì.

ÌYÀWÓ: Mo ní ìgbéyàwó ta?

FỌ́TÒ: Kí ló dé tí o ń wò mí báyìí?

ÌYÀWÓ: Bàbá Ìbejì, ìgbéyàwó ta?

FỌ́TÒ: (ohùn rẹ̀ wọlẹ̀) Tèmi àti tìẹ.

ÌYÀWÓ: Ẹ sọ ọ́ sókè. Àwọn olùgbọ́ yín ò gbọ́.

FỌ́TÒ: Tèmi àti tìẹ! Ṣé àwa kì í ṣe ènìyàn pàtàkì ni?

ÌYÀWÓ: Ó yá, ẹ máa bá a lọ. Mo fẹ́ mọ ibi tí ẹ ó fi ìyókù gbà.

FỌ́TÒ: Ẹ̀yin olùgbọ́, fọ́tò tí a bẹ̀ kó wá ya àwòrán lọ́jọ́ náà kò yọjú. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe é.

ÌYÀWÓ: A mọ̀ ọ́n. Ibi ìgbéyàwó mìíràn ló yà sí. Ó ya fọ́tò wọn títí wọ́n fi gé kéèkì kó tó rí i pé ìyàwó ibẹ̀ kì í ṣe èmi.

FỌ́TÒ: Nígbà náà, ọmọṣẹ́ ni mo jẹ́ nílé ìyàwòrán kan, pásípọ́ọ̀tù nìkan la ń yà níbẹ̀.

ÌYÀWÓ: (ó ń sín in jẹ) "Ṣí fìlà. Jẹ́ kí etí rẹ hàn. Má rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn!"

FỌ́TÒ: Iṣẹ́ gidi ni! Kámẹ́rà ọ̀gá mi wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ náà...

ÌYÀWÓ: Kí ni kámẹ́rà ń wá lọ́rùn ọkọ ìyàwó?

FỌ́TÒ: Ọ̀gá mi ló fi síkàáwọ́ mi. Ó ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kúrò lára mi. Mo sì gbọ́ràn sí ọ̀gá mi lẹ́nu.

ÌYÀWÓ: Àlùfáà náà ní ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí èmi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ ò gbọ́ tiẹ̀.

FỌ́TÒ: Jẹ́ n sọ̀rọ̀ ná! Ẹ̀yin olùgbọ́, mo ní ẹyọ kan ṣoṣo ni màá yà, kí a lè rí nǹkan fi ṣe ìrántí. Mo ní kí ìyàwó mi dúró. Ó dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, kò dùn ún wò. Ni mo bá pe ọ̀rẹ́ mi tó wá bá mi ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, onígbàjámọ̀ kan tí à ń pè ní Àgùnfọn nítorí ọrùn rẹ̀. Mo ní, "Àgùnfọn, jọ̀ọ́, bá mi dúró síbẹ̀ díẹ̀, kí n fi ọ́ wo iná."

ÌYÀWÓ: Díẹ̀ yẹn la ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ títí di òní olónìí.

Àwọn méjèèjì gbójú sókè wo ògiri tó wà lẹ́yìn àga onítìmùtìmù. Fọ́tò tó tóbi jù nílé ló wà níbẹ̀, nínú férémù tó ń dán. Ìyàwó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, ó di ọbẹ kéèkì mú. Ọkùnrin kan tí ọrùn rẹ̀ gùn tí kò fẹ́ tán di ọwọ́ ìyàwó náà mú, ó sì ń rẹ́rìn-ín débi tí èèyàn fi lè ka gbogbo eyín rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe Fọ́tò.

FỌ́TÒ: Ṣùgbọ́n wo iná! Wo bó ṣe rọra dà sí ọ léjìká.

ÌYÀWÓ: Ẹ wo ọwọ́ tó wà lórí ọwọ́ mi. Ọwọ́ ta nìyẹn?

FỌ́TÒ: Ọwọ́ Àgùnfọn ni, àmọ́ ọbẹ ni kí o wò. Wo bí ọbẹ ṣe ń dán!

ÌYÀWÓ: Ẹ sọ ti òrùka fún àwọn olùgbọ́.

FỌ́TÒ: Ti òrùka ò wọ ètò wa. Àsìkò ò ní tó.

ÌYÀWÓ: Èmi á bá yín sọ ọ́. (ó gba kóòmù lọ́wọ́ rẹ̀) Ẹ̀yin olùgbọ́, àlùfáà ní, "Ọkọ ìyàwó, fi òrùka sí i lọ́wọ́." Mo na ọwọ́. Mo wo ọ̀tún, mi ò rọ́kọ. Mo wo òsì, mi ò rọ́kọ. Mo gbọ́ ohùn lókè: "Ẹ dúró! Ẹ má tíì fi sí i! Iná ò tíì dáa!" Mo gbójú sókè. Ọkọ mi ló gun orí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, tó fi kámẹ́rà bo ojú.

FỌ́TÒ: Òkè lèèyàn ti ń ya òrùka.

ÌYÀWÓ: Àlùfáà ní, "Arákùnrin, sọ̀kalẹ̀ wá ṣègbéyàwó." Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ ò mọ èsì tí ó fọ̀? "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, òjìji yín ń bo ìyàwó."

FỌ́TÒ: Ó sì sún. Àlùfáà tó lóye ni.

ÌYÀWÓ: Ọkọ mi ní kí Àgùnfọn fi òrùka sí mi lọ́wọ́. Ó ní kó yọ ọ́. Ó ní kó tún un fi sí i, kó ṣe é jẹ́jẹ́. Òrùka tí àwọn ọkọ ẹlòmíràn ń fi sí wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan!

FỌ́TÒ: Èyí tó fi sí i kẹ́yìn yẹn ló dáa jù.

ÌYÀWÓ: "Mo gbà" tó yẹ kí ẹ sọ ńkọ́?

FỌ́TÒ: Mo sọ ọ́!

ÌYÀWÓ: Ohun tí ẹ sọ ni, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ má mira." Ó ti rẹ àlùfáà. Ó ní òun á kà á sí "mo gbà", ká máa bá ètò lọ.

FỌ́TÒ: Kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé "ó dáa bẹ́ẹ̀", ó ti gbà nìyẹn.

ÌYÀWÓ: Ó kan ibi àsè. A dé ibi àsè, ọkọ mi fẹ́ jókòó sórí àga ọkọ ìyàwó.

FỌ́TÒ: Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rí i. Wọ́n ní, "Fọ́tò, dìde níbẹ̀ yẹn. Ọkọ ìyàwó ló ni àga." Kí lẹ wí?

FỌ́TÒ: Àgbà ni wọ́n. Mi ò lè bá àgbà jiyàn lójú àwùjọ.

ÌYÀWÓ: Ẹ ní, "Ẹ má bínú, mà." Ẹ sì dìde! Ẹ dìde lórí àga ara yín, ẹ tún fi ọwọ́ nu ibẹ̀ fún Àgùnfọn! Wọ́n ní kí wọ́n lọ fún yín lóúnjẹ lẹ́yìn ilé, lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀.

FỌ́TÒ: Wàyí o! Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ! (ó gba kóòmù padà) Ẹ̀yin olùgbọ́, lẹ́yìn ilé yẹn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ kan wò mí níbi tí mo ti ń jẹun pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, ó ní, "Ọmọ ọ̀gá mi fẹ́ gbéyàwó. Mi ò tíì rí fọ́tò tó làágùn tó báyìí rí. O ò ṣe wá bá wa yà á?" Láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá yẹn ni mo ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àbúrò dé ọ̀dọ̀ àna. Ìyá Ìbejì, ká ní mo jókòó sórí àga lọ́jọ́ yẹn, ta ni ì bá gbà mí síṣẹ́?

ÌYÀWÓ: Ọkọ ìyàwó kì í wáṣẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Bàbá Ìbejì!

FỌ́TÒ: Ìyẹn ló mú kí tèmi ta yọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí n tó dákẹ́, ẹ gbọ́ òfin kan ṣoṣo tí mò ń tẹ̀lé nídìí iṣẹ́ yìí. Fọ́tò gidi a máa wo ẹ̀yìn èèyàn kó tó wo iwájú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ló ń ba fọ́tò jẹ́. Mo ti rí fọ́tò tí igi hù lórí ìyàwó. Mo ti rí èyí tí ẹ̀wù tí wọ́n sá sórí okùn dà bí ìyẹ́ lẹ́yìn ọkọ. Èmi? Láéláé! Kò sí ohun tó lè gba ẹ̀yìn wọ inú fọ́tò mi.

(Ìyàwó ju àkísà sínú korobá. Omi ta sí Fọ́tò lára.)

ÌYÀWÓ: Ẹ gbé kóòmù yẹn sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn àna wa ń bọ̀ wá ṣe lónìí?

FỌ́TÒ: Wọ́n fẹ́ dá ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ wa obìnrin.

ÌYÀWÓ: Wọ́n ń bọ̀ wá wá bàbá ọmọ.

FỌ́TÒ: Mo wà nílé.

ÌYÀWÓ: Kì í ṣe ẹ̀yin.

FỌ́TÒ: Kì í ṣe èmi báwo?

ÌYÀWÓ: Ọmọ wa pè mí láàárọ̀, ó ń sunkún. Ẹ rántí ìgbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ wá kí wa? Ibí yìí ló jókòó sí, ó kọjú sí ògiri yẹn.

FỌ́TÒ: Ṣé ó yin iná fọ́tò náà?

ÌYÀWÓ: Ó pe ọmọ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti rí bàbá rẹ lára ògiri. O mà jọ ọ́ o! Níbo ló wà báyìí?"

FỌ́TÒ: Jọ ta?

ÌYÀWÓ: Ó ní ọrùn ni.

FỌ́TÒ: Ọrùn! Ọrùn ìyá mi lọmọ yẹn gbé wá! Gbogbo ìdílé wa ló lọ́rùn!

ÌYÀWÓ: Ó ní òun mọ̀ pé ọkọ ìyá rẹ̀ ni ẹ̀yin. Ó ní ẹ ṣeun tí ẹ tọ́ ọmọ ọlọ́mọ yanjú, pé Ọlọ́run á san án fún yín.

(Fọ́tò fìdí lélẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí àga. Kóòmù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.)

FỌ́TÒ: Ọmọ... ọlọ́mọ.

ÌYÀWÓ: Ọmọ wa ta kú, ó ní ẹ̀yin lẹ bí òun. Obìnrin náà ní, "Kò burú, jẹ́ n rí fọ́tò ìgbéyàwó wọn." Ọmọ bá gbé álíbọ́ọ̀mù lọ fún un. Ó ṣí i: ẹni tó ń fi òrùka sí mi lọ́wọ́, Àgùnfọn. Ẹni tó ń fún mi ní kéèkì jẹ, Àgùnfọn. Ẹni tí mò ń bá jó, Àgùnfọn. Èyí tí a yà pẹ̀lú àwọn òbí mi, Àgùnfọn ló dì mọ́ bàbá mi!

FỌ́TÒ: Èmi náà wà nínú ọ̀kan!

ÌYÀWÓ: Èwo?

FỌ́TÒ: Èyí tí a yà lójú fèrèsé. Bí èèyàn bá fara balẹ̀ wò ó, òjìji mi wà nílẹ̀ níbẹ̀.

ÌYÀWÓ: Obìnrin náà rí òjìji yẹn. Ó ní, "Ẹni tó ya fọ́tò yìí mà ṣiṣẹ́ o."

FỌ́TÒ: (inú rẹ̀ fẹ́ dùn, ó rántí ara rẹ̀) Wọ́n wá fẹ́ kí ni báyìí?

ÌYÀWÓ: Nílé tiwọn, bàbá tó bí ọmọ ló ń fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Wọ́n ní bí wọn ò bá rí ẹ̀rí lónìí pé ẹ̀yin ni, Àgùnfọn ni àwọn máa lọ bẹ̀.

FỌ́TÒ: Àgùnfọn! Ẹnikẹ́ni sọ fún un?

ÌYÀWÓ: Ọmọ wa pè é, pé kó bá òun sọ òtítọ́ fún wọn.

FỌ́TÒ: Kí ló wí?

ÌYÀWÓ: Ó ní irú aṣọ wo ni kí òun wọ̀.

FỌ́TÒ: Háà! Ó ti mọ́ ọn lára! Ọkùnrin yẹn ti jẹ oúnjẹ àsè dípò mi, ó ti jó dípò mi, ó tún fẹ́ ṣe bàbá ìyàwó dípò mi! Ká kúkú sọ fọ́tò yẹn kalẹ̀ lára ògiri.

ÌYÀWÓ: Wọ́n ti rí i. Bí wọ́n bá bá ibẹ̀ lófìfo, wọn á ní a ti lé bàbá ọmọ jáde nílé.

FỌ́TÒ: Fọkàn balẹ̀. Wọ́n á rí mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo ti to gbogbo nǹkan sílẹ̀: kámẹ́rà ńlá, kámẹ́rà kékeré, iná...

ÌYÀWÓ: Ta ló máa fa ọmọ lọ́wọ́ wọlé?

FỌ́TÒ: Èmi.

ÌYÀWÓ: Ta ló máa yà á bó ṣe ń wọlé?

FỌ́TÒ: Èmi. (ó ronú) Màá fà á wọlé, màá gba ẹ̀gbẹ́ sáré, màá lọ pàdé ara mi níwájú.

Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa fọ́tò kékeré kan yọ lábẹ́ àwọn àwo tí wọn kì í fi jẹun. Ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lórí itan.

ÌYÀWÓ: Ẹ wo èyí.

FỌ́TÒ: Ìwọ àti àwọn ìbejì nìyí. Èmi ni mo yà á. Wo bí ojú wọn ṣe mọ́lẹ̀!

ÌYÀWÓ: Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ mi.

FỌ́TÒ: Wọ́n fi báírò ya ènìyàn kan sí i.

ÌYÀWÓ: Tíṣà ní kí wọ́n mú fọ́tò ìdílé wá sílé ìwé. Mo tú gbogbo ilé, mi ò rí ẹyọ kan tí ẹ wà nínú rẹ̀. Ọmọ wa ní kí n má ṣèyọnu. Ó mú báírò, ó yà yín sí i.

FỌ́TÒ: Kí ni nǹkan dúdú tó wà lójú mi yìí?

ÌYÀWÓ: Kámẹ́rà ni. Tíṣà ní kó pa á rẹ́, kó ya ojú àti imú. Ó kọ̀. Ó ní bí bàbá òun ṣe rí nìyẹn.

(Fọ́tò gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.)

FỌ́TÒ: Kí ló dé tí o ò fi hàn mí láti ọjọ́ yìí?

ÌYÀWÓ: Mo fi hàn yín. Ẹ ní èèyàn kì í fi báírò kọ nǹkan sórí fọ́tò, pé ó ń ba ojú rẹ̀ jẹ́.

FỌ́TÒ: Mo sọ bẹ́ẹ̀?

ÌYÀWÓ: Ẹ tún ní kí n má máa dúró síwájú iná.

Nígbà tí Fọ́tò tún sọ̀rọ̀, ohùn rédíò ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

FỌ́TÒ: Ìyá Ìbejì, ìyẹn tí mò ń sọ, pé láti inú ìyá mi ni mo ti gbé iṣẹ́ yìí wá, irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí.

ÌYÀWÓ: Ẹ̀rù kí ni?

FỌ́TÒ: Tìẹ. Bí o ṣe wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun yẹn, gbogbo èèyàn dìde. Mo ní bí mo bá lọ dúró tì ọ́ báyìí, gbogbo ayé á wò mí, wọn á wò ọ́, wọn á mọ̀ pé mi ò tó ọ. Ni mo bá gbé kámẹ́rà bojú. Bí mo ṣe gbé e bojú, ara mi balẹ̀. Mo ń rí ọ, ẹnikẹ́ni ò rí mi. Mo ní ẹyọ kan péré ni. Mi ò wá mọ bí mo ṣe lè gbé e kúrò mọ́.

(Ìyàwó jókòó tì í. Ó fi etí aṣọ nu omi tó ta sí i lára.)

ÌYÀWÓ: Èyí gan-an ni kí ẹ sọ lórí rédíò.

FỌ́TÒ: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!

ÌYÀWÓ: Ká ní Àgùnfọn ni mo fẹ́ fẹ́ ni, ṣé èmi ò rí ọrùn rẹ̀ ni? Ẹ̀yin ni mo wọṣọ fún. Ẹ̀yin ni mò ń wá lọ́tùn-ún lósì. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ wa, ẹ máa fà á wọlé, ẹ máa jókòó, fọ́tò ẹlòmíràn ló máa yà wá.

FỌ́TÒ: Ẹlòmíràn!

ÌYÀWÓ: Ẹlòmíràn.

FỌ́TÒ: (ó wo àwòrán báírò náà lẹ́ẹ̀kan sí i) Ó dáa. Màá jókòó. Ṣùgbọ́n èmi ni màá sọ ibi tó máa dúró sí fún un.

ÌYÀWÓ: Bàbá Ìbejì!

FỌ́TÒ: Kò burú! Kó dúró síbi tó bá wù ú! Kó kúkú gun orí bẹ́ǹṣì!

ÌYÀWÓ: Ó yá, ẹ gbé kámẹ́rà yín sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e dúró yẹn. Kí àwọn àna wa tó dé, fọ́tò èmi pẹ̀lú yín gbọ́dọ̀ wà nínú ilé yìí. Ṣebí ẹ ní ó lè fúnra rẹ̀ ya èèyàn?

FỌ́TÒ: Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, á máa ké pí, pí, pí. Bó bá dákẹ́, ó ti yà á.

Wọ́n gbé kámẹ́rà kọjú sí àga onítìmùtìmù. Ìyàwó jókòó. Fọ́tò tẹ̀ ẹ́, ó sáré wá, kámẹ́rà ń ké. Kò tíì fìdí kan àga nígbà tó rí i pé ìborùn ìyàwó ti wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún un ṣe, ó kọ ìdí sí kámẹ́rà. Iná bù yẹ̀rì.

ÌYÀWÓ: (ó lọ wò ó) Ìdí ta nìyí?

FỌ́TÒ: Ìdí mi ni. O ò rí i? Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

ÌYÀWÓ: Ìdí bàbá ọmọ lẹ fẹ́ ká fi han àna?

FỌ́TÒ: Jẹ́ ká tún un yà.

(Ó tẹ̀ ẹ́, ó sáré, ó jókòó. Kámẹ́rà ń ké. Ìkùukùu gba iwájú oòrùn kọjá lójú fèrèsé.)

FỌ́TÒ: Iná ti yí!

ÌYÀWÓ: Ẹ jókòó!

(Ó ti fò. Iná bù yẹ̀rì.)

ÌYÀWÓ: Ẹsẹ̀ kan nìyí. A ti rí ìdí, a ti rí ẹsẹ̀. Bí a bá ń bá a bọ̀ báyìí, kí ọmọ wa tó di ìyá àgbà, a ó ti rí yín tán.

FỌ́TÒ: Kì í ṣe ẹjọ́ mi. Iṣẹ́ yìí ló ń tini láti inú.

ÌYÀWÓ: Ẹ mú ọwọ́ wá.

(Ó yọ okùn tó wà lára kámẹ́rà kékeré. Ó fi so ọrùn ọwọ́ ọkọ mọ́ tirẹ̀, ó ta á ní kókó.)

FỌ́TÒ: Kí ni èyí?

ÌYÀWÓ: Òrùka ò mú yín. Bóyá okùn á mú yín.

Wọ́n jọ rìn lọ sídìí kámẹ́rà, wọ́n jọ tẹ̀ ẹ́, wọ́n jọ sáré padà bí ẹran méjì tí wọ́n so pọ̀. Wọ́n jókòó. Fọ́tò na ọrùn, ó ká ètè pọ̀, ó yọ ojú ranran.

ÌYÀWÓ: Kí lẹ ń ṣe yẹn?

FỌ́TÒ: Ṣé etí mi hàn?

ÌYÀWÓ: Kì í ṣe pásípọ́ọ̀tù! Ẹ rẹ́rìn-ín!

FỌ́TÒ: Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín níhìn-ín. Apá ọ̀hún ni mo ti máa ń rẹ́rìn-ín.

(Pí. Pí. Pí.)

FỌ́TÒ: Ìyá Ìbejì, ó dà bíi pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn tẹ̀ sápá kan. Jẹ́ n kàn...

(Ó fẹ́ dìde. Okùn fà á padà. Ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wò ó lójú.)

ÌYÀWÓ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má mira.

(Fọ́tò wò ó. Ó gbàgbé kámẹ́rà.)

FỌ́TÒ: Mo gbà.

Iná bù yẹ̀rì. Ìyàwó fi ọwọ́ tí kò sí nínú okùn nu ojú rẹ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

FỌ́TÒ: Àwọn àna!

ÌYÀWÓ: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó. (wọ́n sáré lọ sídìí kámẹ́rà) Ẹ wà níbẹ̀! Odindi yín! Orí, ọrùn, ọwọ́!

FỌ́TÒ: Mi ò wo kámẹ́rà.

ÌYÀWÓ: Èmi lẹ ń wò. Ẹ mà ń rẹ́rìn-ín o, Bàbá Ìbejì. Ẹ wo ara yín.

FỌ́TÒ: Ta ló mọ̀ pé mo lè rí báyìí.

ÌYÀWÓ: Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ jẹ́ ká lọ... (ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú sún mọ́ kámẹ́rà) Bàbá Ìbejì. Ta ni eléyìí?

FỌ́TÒ: Níbo?

ÌYÀWÓ: Láàárín wa. Lókè èjìká mi àti tiyín. Eyín ta ló ń tàn báyìí?

(Fọ́tò wo kámẹ́rà. Ó rọra yíjú padà, ó wo ògiri ẹ̀yìn àga, ó tún wo kámẹ́rà. Àgùnfọn inú fọ́tò ara ògiri ló na ọrùn láti inú férémù rẹ̀, tó ki orí bọ àárín tọkọtaya, tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gbogbo eyín.)

FỌ́TÒ: Ó ti wọlé! Mo wo iwájú, mi ò wo ẹ̀yìn! Ìyá Ìbejì, ká tún un yà!

(Wọ́n kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì, kíkankíkan.)

ÌYÀWÓ: Mi ò tún nǹkan kan yà. "Mo gbà" tí mo ti ń dúró dè láti ọjọ́ ìgbéyàwó wà nínú èyí. Ẹ jẹ́ ká lọ ṣílẹ̀kùn.

(Ó fa okùn. Fọ́tò ń wọ́ tẹ̀lé e, kámẹ́rà lọ́wọ́.)

FỌ́TÒ: Bí ìyá ọkọ ọmọ bá ní ta lẹni kẹta ńkọ́? Kí la máa wí?

ÌYÀWÓ: (ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn) Ẹ sọ fún un pé òun ni fọ́tò tó yà wá.